Ṣé àìnígbàgbọ́ ni "bí o bá fẹ́"?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan n'Íbàdàn, ẹni ọdún 31. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn Kánádà fún mi kí n lè lọ kàwé sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ físà mi. Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ mú ìyá mi lápá àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, èmi ni mo sì ń tọ́jú wọn. Pásítọ̀ wa ní n kò gbọdọ̀ sọ "bí ó bá jẹ́ ìfẹ́ rẹ" mọ́ nínú àdúrà, pé àìnígbàgbọ́ ni. Kí n gba àwẹ̀ ọjọ́ 21, kí n sì máa pàṣẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ alàgbà ní ìjọ mìíràn, ní kí n jáwọ́, pé físà tí wọ́n kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ti fi ìfẹ́ Ọlọ́run hàn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Kí n má purọ́ fún yín sà, ẹ̀rù ń bà mí. Tí mo bá ti lè sọ pé "ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe", ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ti gbà kí Ọlọ́run gba nǹkan náà lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn méjèèjì tó gbà ọ́ nímọ̀ràn fẹ́ ire fún ọ, ìyẹn dá mi lójú, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ èyíkéyìí nínú wọn. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ pásítọ̀ yín, torí pé ibẹ̀ ni Bíbélì ti dáhùn kíákíá.

Ní Máàkù orí kìíní, adẹ́tẹ̀ kan tọ Jésù wá, ó kúnlẹ̀, ó ní: "Bí ìwọ bá fẹ́, ìwọ lè sọ mí di mímọ́." Jésù kò bá a wí, kò sì sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Ó na ọwọ́ kan ẹni tí gbogbo èèyàn ń sá fún, ó ní: "Mo fẹ́." Ṣí ìwé kan náà sí orí kẹsàn-án. Bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ tí ẹ̀mí àìmọ́ máa ń gbé ṣánlẹ̀ wá, òun ní tirẹ̀ sọ pé: "Bí ìwọ bá lè ṣe ohunkóhun." Ọ̀rọ̀ "bí o bá lè" yẹn ni Jésù dá padà sí i lẹ́nu, pé ohun gbogbo ló ṣeé ṣe fún ẹni tó bá gbàgbọ́.

Fẹ́ àti lè kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó sọ pé "bí o bá lè" ń wo Ọlọ́run bóyá agbára rẹ̀ ká a. Ẹni tó sọ pé "bí o bá fẹ́" ti gba agbára gbọ́ tán. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ ní ọkàn tirẹ̀, pé kì í ṣe ẹ̀rọ tí a ń tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Nígbà tí Jòhánù sì kọ̀wé pé bí a bá bèèrè ohunkóhun gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ tiwa, ìgboyà ló pè é (1 Jòhánù 5:14). Kò pè é ní ìyèméjì.

Mo mọ ohun tó ń bí pásítọ̀ yín nínú o, ó sì ń bí èmi náà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé "bí ó bá jẹ́ ìfẹ́ rẹ" ni wọ́n fi ń bo àdúrà tí wọn kò tíì gbà. Wọ́n á gbàdúrà wérewère, wọ́n á lẹ gbólóhùn yẹn mọ́ ìdí rẹ̀ bí ẹni lẹ sítáǹbù mọ́ lẹ́tà, kí ojú má bàa tì wọ́n bí ìdáhùn kò bá dé. Èmi fúnra mi ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di pásítọ̀, wọ́n gbé mi lọ sí abúlé kan tí kò sí iná mànàmáná, tí mọ́tò kì í dé àfi lọ́jọ́ ọjà. Ìlú ńlá ni ọkàn mi wà. Láràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo ń sọ pé, "Olúwa, ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe nínú iṣẹ́ mi níbí." Ohùn mi máa ń lọ sókè dáadáa. Àpótí mi sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, n kò tú u fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Aṣọ tí mo bá fẹ́ wọ̀ ni mo ń yọ. Tí mo bá fọ̀ ọ́ tó gbẹ, mo dá a padà sínú àpótí. Ìyá àgbà kan tó máa ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi lọ́jọ́ tí ibà dá mi gúnlẹ̀, ó rí àpótí náà. Ìyá yìí kò mọ̀wé rárá. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní: "Pásítọ̀, ẹnu yín ti dé, àpótí yín ò tíì dé. Ta lẹ̀ ń purọ́ fún?"

Ọjọ́ yẹn ni mo yí àdúrà padà. Mo sọ fún Ọlọ́run pé n kò fẹ́ ibẹ̀, pé ẹ̀fọn ń jẹ mí, pé àwọn ẹgbẹ́ mi wà níbi tí iná wà. Àdúrà òtítọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà lábúlé náà nìyẹn. Má rò pé mo fẹ́ fi ìtàn dídùn tàn ọ́: ọdún mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀, inú mi sì dùn lọ́jọ́ tí mo kúrò. Ṣùgbọ́n mo tú àpótí.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kíyè sí bí Jésù ṣe gba àdúrà yẹn nínú ọgbà Gẹtisémánì. Mú Bíbélì rẹ, kí o fi ìka tọ́ Mátíù 26. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọkàn òun bàjẹ́ dé ojú ikú. Ó dojú bolẹ̀. Ní ẹsẹ 39, ohun tó fẹ́ ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: bí ó bá lè ṣe, jẹ́ kí ago yìí kọjá lórí mi. Ó sọ ọ́ kedere, kó tó sọ pé kì í ṣe bí òun ti fẹ́. Ó dìde, ó lọ bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn, oorun ni wọ́n ń sùn. Ó padà. Wo ẹsẹ 42 dáadáa, torí pé ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń da àdúrà méjèèjì pọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì yìí kò sọ pé "bí ó bá lè ṣe" mọ́. Ó ní bí ago yìí kò bá lè ré òun kọjá àfi tí òun bá mu ún, ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe. Ọ̀rọ̀ ti sún. Gbólóhùn yẹn nínú èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ọ́ bá ti inú Àdúrà Olúwa ní Mátíù 6:10 mu láìyẹ̀. Ohun tó kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lórí òkè, òun fúnra rẹ̀ rìn dé ibẹ̀ nínú ọgbà, lóru, pẹ̀lú òógùn. Ó sì tún padà lọ gbà á lẹ́ẹ̀kẹta.

Tí Ọmọ Ọlọ́run bá nílò kí ó padà lẹ́ẹ̀mẹta, èwo ni tìrẹ tí o fẹ́ fi gbólóhùn kan parí ọ̀rọ̀ ọdún méjì? Nítorí náà, má ṣe fi "ìfẹ́ tìrẹ" bẹ̀rẹ̀. Sọ Kánádà fún un. Sọ orúkọ iléèwé, sọ iye owó, sọ ojú tó tì ọ́ nígbà tí ìwé kejì dé. "Ìfẹ́ tìrẹ" á dé nígbà tó bá yá, ó lè jẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó lè jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ó wá ku ẹ̀rù tó ń bà ọ́. Ó ń ba àwọn èèyàn ju bí wọ́n ṣe ń jẹ́wọ́ lọ. Wọ́n rò pé nínú gbogbo ohun tó wà níwájú wọn, èyí tó korò jù ni Ọlọ́run máa fẹ́. Pé tí wọ́n bá ti lè túra ká, á mú ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ. A mọ bàbá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ bá jẹ́ kó mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni òun fẹ́ràn, bọ́ọ̀lù ló máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá inú ilé irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ àdúrà.

Èdè wa ṣe wá lóore níbí. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí Àjàyí Crowther ṣáájú wọn, bá ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pàdé: thelēma, ohun tí ẹnì kan pinnu lọ́kàn pé kó ṣẹlẹ̀, àti agapē, ìfẹ́ tí Pọ́ọ̀lù sọ pé ó máa ń mú sùúrù. Ìfẹ́ ni wọ́n pe méjèèjì. "Ọlọ́run fẹ́ aráyé tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ̀" àti "ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe", ọ̀rọ̀ kan náà ló bí wọn lẹ́nu wa. Ẹni tó bá mọ Gíríìkì lè sọ pé ìyẹn da nǹkan méjì pọ̀, kò sì parọ́. Síbẹ̀ mo máa ń dúpẹ́ fún ìdàpọ̀ yẹn. Nígbà mìíràn lálẹ́, tí mo bá dé orí gbólóhùn yẹn, n kì í lọ síwájú: ìfẹ́ tìrẹ. Ìfẹ́ tí o ní sí mi, òun ni kí a ṣe. Dán an wò. N kò sọ pé ohun tó máa tẹ̀lé e kò ní dùn ọ́ o. Ago ti Jésù kò ré kọjá. Síbẹ̀ ìwé Hébérù 5:7 sọ pé a gbóhùn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ńkọ́? Àwọn àgbà wa fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé "àmúwá Ọlọ́run ni." Mọ́tò já sí kòtò tí wọn kò dí lọ́dún mẹ́ta, àmúwá Ọlọ́run. Obìnrin rọbí, kò sí dókítà, àmúwá Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, mo sì mọ ibi tó ti wúlò, ṣùgbọ́n tí a bá ka gbogbo ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ìfẹ́ Ọlọ́run, kí ni à ń gbàdúrà fún pé kí ìfẹ́ rẹ̀ di ṣíṣe láyé bíi ti ọ̀run? Àdúrà yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọ̀pọ̀ nǹkan ń ṣẹlẹ̀ láyé tí kì í ṣe bí ó ti fẹ́.

Ẹni tí mo fẹ́ kí o bá rìn lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Pọ́ọ̀lù, torí pé àdúrà ìrìnàjò lòun náà ń gbà. Ní nǹkan bí ọdún 57, ó kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù pé nígbà gbogbo lòun ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ̀nà òun là nípa ìfẹ́ Ọlọ́run kí òun lè dé ọ̀dọ̀ wọn (Róòmù 1:10). Kíyè sí i pé ó fi "ìfẹ́ Ọlọ́run" sí i, kò sì dẹ́kun bíbẹ̀bẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà lòun ti pinnu láti wá, tí wọ́n dí òun lọ́nà. Tí o bá ka ìwé rẹ̀ yòókù àti ìwé Ìṣe, wàá rí i pé kì í ṣe ibì kan náà ni gbogbo ìdínà ti ń wá. Ní Ìṣe 16, Ẹ̀mí Mímọ́ ló kọ̀ fún un láti wàásù ní Éṣíà, tí kò sì jẹ́ kó wọ Bítíníà. Nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sí àwọn ará Tẹsalóníkà, ó ní òun fẹ́ wá sọ́dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan, àní lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n Sátánì dí àwọn lọ́nà (2:18). Ní ti Róòmù, iṣẹ́ tí kò tíì parí ní àwọn ilẹ̀ mìíràn ló dá a dúró (15:22-23). Ọ̀nà dí, ọ̀nà dí, ọ̀nà dí; ìdí mẹ́ta. Kò ka ilẹ̀kùn títì kan ṣoṣo sí ohùn Ọlọ́run láìwádìí.

Báwo ló wá ṣe dé Róòmù? Ó bẹ àwọn ará ibẹ̀ pé kí wọ́n bá òun gbàdúrà kí a lè gba òun lọ́wọ́ àwọn aláìgbàgbọ́ ní Jùdíà, kí òun lè fi ayọ̀ tọ̀ wọ́n wá. Wọ́n mú un ní Jerúsálẹ́mù. Ọdún méjì ló fi wà látìmọ́lé ní Kesaríà. Wọ́n fi í sọ́kọ̀ ojú omi bí ẹlẹ́wọ̀n pẹ̀lú èèyàn tó jẹ́ 276 lápapọ̀, ìjì gbá wọn kiri fún òru 14, ọkọ̀ fọ́, àwọn kan lúwẹ̀ẹ́, àwọn yòókù di pákó mú jáde sí erékùṣù Málítà, oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ Róòmù, àwọn ará tó ti kọ̀wé sí láti ọjọ́ yìí wá rìn jáde wá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìṣe 28 sọ pé nígbà tí Pọ́ọ̀lù rí wọn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì mú ọkàn le. Àdúrà náà gbà. Ta ni ì bá mọ irú físà tí Ọlọ́run máa fi gbé e débẹ̀! Ó tún sọ fún wọn pé òun fẹ́ gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá sí Sípéènì. Bíbélì kò sọ pé ó débẹ̀ rí.

Nítorí náà, ìwé méjèèjì tí wọ́n fi kọ físà rẹ kì í ṣe wòlíì. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìdí máa ń wà nínú rẹ̀: pé kò dá wọn lójú pé ẹni náà máa padà sílé tó bá kàwé tán, tàbí pé owó tó wà ní báǹkì kò tó, tàbí pé òjijì ló wọlé. Mú tìrẹ lọ bá ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, kó bá ọ kà á. Àìsàn mìíràn wà tó jẹ́ pé àdúrà kọ́ ni oògùn rẹ̀ àkọ́kọ́, fọ́ọ̀mù tí a kọ dáadáa ni.

Lórí àwẹ̀, ṣókí ni màá sọ. Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè tí kò san, wọ́n á rán ológò sí i. Ológò á wá jókòó sójú ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀, á máa bú u, á máa pa adìyẹ rẹ̀ jẹ, kò ní dìde àfi tí wọ́n bá sanwó. Ọ̀pọ̀ àwẹ̀ tí à ń gbà báyìí, a fi ń dógò ti Ọlọ́run ni, bíi pé ó jẹ wá ní gbèsè. Ìwọ náà ka Ìṣe 23: àwọn ọkùnrin tó lé ní 40 búra pé àwọn kò ní jẹ, àwọn kò ní mu, àfi táwọn bá pa Pọ́ọ̀lù. Ebi pa wọ́n lásán. Tí o bá fẹ́ gbààwẹ̀, gbà á kí ariwo ọkàn rẹ lè lọ sílẹ̀, kí o lè gbọ́ ohun tí ìwọ fúnra rẹ ń bèèrè.

Nítorí pé ohun tí o pè ní "Kánádà" yìí, ẹrù tí a dì pọ̀ ni. Tú u sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run, kí o kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé kíkà wà nínú rẹ̀, mo gbàgbọ́. Owó oògùn ìyá rẹ lè wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ẹ jọ jáde iléèwé tí wọ́n ń gbé fọ́tò yìnyín sí ojú WhatsApp wà níbẹ̀ náà, má sẹ́. Àárẹ̀ wà níbẹ̀: ẹni tó ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn lójúmọmọ, tó tún ń gbé ìyá rẹ̀ dìde lórí ibùsùn lóru, tí kò bá ronú pé òun fẹ́ sá lọ, n kò mọ irú ẹran ara tó ní. Jákọ́bù sọ pé àwọn kan bèèrè, wọn kò rí gbà, torí pé wọ́n ṣì bèèrè. A máa ń rò pé ẹni burúkú ni ó ń bá wí. Nígbà mìíràn ẹni tó rẹ̀ ló máa ń ṣì bèèrè: ìsinmi ló ń wá, ó ń tọrọ Kánádà.

Tí o bá tú ẹrù náà tán, wàá rí i pé àwọn kan wà níbẹ̀ tí Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀ lé lórí tipẹ́, tí kò nílò ìran. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ jẹ́ ọ̀kan. Ní Máàkù 7, Jésù bínú sí àwọn tó ń sọ fún òbí wọn pé ohun tí àwọn ì bá fi ràn wọ́n lọ́wọ́ ti di Kọ́bánì, pé àwọn ti fi fún Ọlọ́run. Kò sí ìfẹ́ Ọlọ́run tó máa tako ìtọ́jú òbí lẹ́yìn náà. Ìyẹn kò sọ pé o kò lè lọ. Àwọn ọmọ wà tó lọ, tí ìtọ́jú òbí wọn sì dára ju tàwọn tó jókòó tì wọ́n. Ó kàn sọ pé ẹni tó máa gbé ìyá rẹ dìde lórí ibùsùn, owó oṣù ẹni náà, àti ilé tí wọ́n máa wà, gbọ́dọ̀ wọ inú àdúrà kí físà tó wọ̀ ọ́.

Ìwé rẹ gùn, o sì sọ èrò pásítọ̀ yín, o sọ èrò ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, o bi mí ní tèmi. Mo wá a títí, n kò rí ibi tí o ti sọ pé o bi ìyá rẹ ohun tí àwọn fẹ́. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ni o sọ pé àrùn mú, o kò sọ pé ó mú ẹnu wọn. Jókòó tì wọ́n ní alẹ́ òní, bi wọ́n. Tí o bá ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, kọ̀wé sí mi.